Ilẹ̀ Ọláìtán Lábẹ́ Àpótí Irin

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kìn-ín-ní, 1985

Ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Parakú fẹ́ kọ́ àká sí kì í ṣe tèmi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè fi ojú ara mi rí i, nítorí ẹnu mi kò tíì sọ ọ́ rí. Ilẹ̀ Ọláìtán ni, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ní ohun tó lé lógún ọdún sẹ́yìn, òun ló tọ bàbá Bíò lọ, Bàrùbá tó ni gbogbo ilẹ̀ apá ibẹ̀, tó sì tọrọ rẹ̀. Èmi kàn bá a gbé obì dání, mo jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ibà gbé e lọ. Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, mo ní mo fẹ́ ṣú u lópó. Èmi olùkọ́ nílé ìwé ìjọ, èmi tí mo fi òrùka gbé Fọláṣadé níyàwó níwájú pẹpẹ. Àwọn àgbà ẹbí gbà fún mi. Ìbíyẹmí dìde láàárín wọn, ó ní òun á tọ́ ọmọ òun, òun kò wá ọkọ mìíràn, pàápàá ọkọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní òfin mẹ́wàá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbẹ̀san. Nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ oko, mo ní èmi ni Bàrùbá fún nílẹ̀, pé mo kàn yá Ọláìtán ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un. Orí ọ̀rọ̀ mi nìkan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìbíyẹmí kó ẹrù rẹ̀ lọ sí àdúgbò Títírù, ọmọ ń yí nínú rẹ̀. Mo tún ránṣẹ́ sí i pé kò gbọdọ̀ ṣa ẹ̀mí, èso tí a fi ń ṣe òrí, lábẹ́ àwọn igi ibẹ̀ mọ́.

Ní ìpàdé òní, Lùkúmọ̀n tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ sọ pé ilẹ̀ mi ló dára jù: ó sún mọ́ títì, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́, ilẹ̀ tí àká bá ti dúró sí, ti ẹgbẹ́ ni títí láé, òun yóò sì kéde rẹ̀ níwájú ìjọba lọ́jọ́ tí a bá ṣí i. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé o."

Ọjọ́rú, 16 oṣù kìn-ín-ní

A lọ wo àwọn àpótí irin ńlá tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtẹ́nà, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Méjì ni ẹgbẹ́ rí rà. Láti ìgbà tí ẹrù ilẹ̀ Nìjẹ̀ tó ń gba ibí kọjá ti ń pọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀, koríko ti hù yí wọn ká, ewúrẹ́ ń sùn sínú ọ̀kan. Kàsìmáwò ajórin ń yí wọn po, ó ń fi òòlù kan wọ́n, ó ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó ń ra ìkòkò. Ó ní òrùlé ọ̀kan ti lu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pákó inú wọn ṣì le.

Ó kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Olùkọ́, ìyàwó àgbà nìwọ̀nyí. Eyín ti yọ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn á ṣì dùn."

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi ya, mi ò lè rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ.

Ète wa rọrùn: kí àpótí méjì kọjú síra wọn, kí a fi àyè sáàárín, kí a fi páànù bo àyè náà, kí àwọn obìnrin lè máa pa àgbàdo níbẹ̀ nígbà òjò. Inú àpótí ni a óò kó àgbàdo, èlùbọ́ àti ẹ̀pà sí. Èkúté kò lè jẹ irin. Lọ́dún tó kọjá, èkúté àti kòkòrò jẹ ju ohun tí àwa jẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kìn-ín-ní

Kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, gbé àpótí kìíní dé. Ìbùdókọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè, oko kò ní. A gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ̀yìn kámíọ̀ lè wọlẹ̀ díẹ̀, a to ìtì igi, a fi òrí kun wọ́n, àwọn ọkùnrin sì ń fa okùn. Ó ń bọ̀ dáadáa títí ìtì kan fi ṣẹ́. Igun àpótí ya sí ẹ̀gbẹ́, ó sì já èèpo igi ẹ̀mí tó tóbi jù nínú oko. Ọpẹ́ ni pé kò bá ènìyàn. Wọ́n fi jáàkì gbé e títí oòrùn fi yẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo fọwọ́ kan ibi tí igi náà ti bó. Ọláìtán kì í jẹ́ kí iná ìgbẹ́ dé ìdí rẹ̀. Mo rántí bó ṣe máa ń ro ìdí rẹ̀ yíká ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kejì

Ọyẹ́. Ìka mi kò lè di pẹ́ńsùlù mú. Sìmẹ́ńtì tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kejì

A ti mọ òpó ẹsẹ̀ kúkúrú fún àpótí méjèèjì kí wọ́n má bàa jókòó sórí ilẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló ń ru omi láti kànga. Dúródọlá wà nínú wọn, ọmọ tí Ìbíyẹmí gbé lọ sí Títírù nínú ikùn. Ó ti di ìyá ọmọ méjì báyìí, òun ló sì ń ṣáájú àwọn obìnrin nínú iṣẹ́. Orí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló gbé wá sáyé, títí kan bó ṣe máa ń di ojú kan nígbà tó bá ń ronú.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í nípa màmá rẹ̀, ó ní wọ́n wà. Oòrùn mú, mo bu omi sínú ife fún un. Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Màmá ní kí n wá ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n má mu omi ibẹ̀."

Ó gbé korobá, ó padà sídìí kànga. Mi ò tún ṣe ohunkóhun tó dára lónìí.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kejì

Òpó ti gbẹ, àpótí méjèèjì ti gorí wọn. Ó ku ọ̀rọ̀ ikán àti ìpẹtà. Mo sọ fún wọn pé nílé bàbá mi ní Ṣábẹ̀, òpó yòówù tí a bá fẹ́ kó pẹ́, ọ̀dà dúdú ni a ń fi kùn ún, ikán kì í sún mọ́ ọn. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílé tiwọn. Ará Kétu, ará Ìdàáṣà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Kàsìmáwò sọ ihò òrùlé di pẹ̀lú iná rẹ̀. Ó fẹ́ gé fèrèsé, mo ní kó má gé e, nítorí olè. A ra ọ̀dà, a sì kun àpótí méjèèjì láti òkè délẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń dán bí ara ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Lùkúmọ̀n di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kamaráàdì Adéṣínà, ẹ ti fi hàn wá."

Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹta

A kó ẹrù díẹ̀ sínú àpótí kìíní láti dán an wò. Àpò àgbàdo ẹgbẹ́, àti èlùbọ́ àwọn obìnrin. Ti Dúródọlá ló pọ̀ jù, òun ni a sì tò sókè. A ti ilẹ̀kùn pa, mo kó kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

Ooru. Baníkanní àdúgbò wa kò ní atẹ́gùn kankan. Fọláṣadé gbé ẹní rẹ̀ sí ìta.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, kò pọ̀. Láàárọ̀ yìí, a ṣí ilẹ̀kùn àpótí. Òórùn tó jáde lé wa sẹ́yìn. Omi ń kán láti òrùlé inú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ihò níbẹ̀. Irin ló ń làágùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni oòrùn ti ń na ọ̀dà dúdú yẹn, tí inú àpótí ń hó, tí ọ̀rinrin inú àgbàdo ń gòkè, tó bá sì di òwúrọ̀, tí irin bá tutù, á padà já sórí àpò. Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún ní dúdú. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gé fèrèsé. Ọ̀dà tó ń dáàbò bo òpó, a fi kun ìkòkò, a sì gbé ìkòkò náà síná.

Kàsìmáwò ti ọwọ́ bọ inú àpò èlùbọ́, ó yọ ọ́ jáde, ó wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ro ọkà kí obìnrin tó dáná." Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín wọn, ó sì dùn mí bí ẹni pé ìkà wà níbẹ̀.

Àwọn àpò àgbàdo ìsàlẹ̀ yè. Èlùbọ́ òkè ti bu, ó ti di àwọ̀ ewé. Ìdajì iṣu Dúródọlá ti ọdún yìí ni. Mo lọ bá a níbi tó ti ń tú u sílẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, ẹgbẹ́ yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí."

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sọ. Ó ti mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ń ru omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹta

Kàsìmáwò ti gé fèrèsé sí ara àpótí, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ó fi àwọ̀n irin bò wọ́n. Ẹfun tí ì bá lé ooru sẹ́yìn kò mú lórí ọ̀dà. A gbìyànjú, ó ń ṣí bí èèpo ẹyin. Nítorí náà, a ní láti gbé òrùlé koríko ga lé àpótí lórí, kí atẹ́gùn máa gba àárín kọjá. Ṣùgbọ́n iná ìgbẹ́ ti jó gbogbo koríko láti oṣù kìn-ín-ní. Ta ló ń wá bẹẹrẹ ní oṣù kẹta? Àwọn obìnrin rìn lọ sẹ́bàá odò, wọ́n gé èyí tí wọ́n rí, a sì ra ìyókù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tí wọ́n fi pamọ́ fún ilé tiwọn. Wọ́n gbé owó lé e tó dùn wá.

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù kẹta

Ibà ti dè mí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Òní ni mo lè jókòó. Nígbà tí Fọláṣadé gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, mo sọ fún un pé mo fẹ́ dá ilẹ̀ Ọláìtán padà kí ọjọ́ ìṣílé tó pé.

Kò yà á lẹ́nu. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ó bi mí ohun tí Adéwùmí ọmọ wa ní Kútọnu yóò sọ, nítorí ó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ní oko ní Parakú. Mo ní yóò bínú. Ó ní òótọ́ ni, yóò bínú. Ó fẹ́ mi díẹ̀ sí i.

Ó wá ní, "Bàbá Adéwùmí, Ìbíyẹmí kọ̀ yín, ẹ bínú, ẹ gba ilẹ̀ rẹ̀. Èmi tí n kò kọ̀ yín ńkọ́?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ìbíyẹmí àti Ọláìtán nìkan ni mo kà sí ẹni tí mo ṣẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dìde láàárín àwọn àgbà tí mo ní mo fẹ́ ìyàwó àbúrò mi, Fọláṣadé wà nínú ilé, ó ń pèsè oúnjẹ fún àwọn àgbà náà. Mo sọ fún un pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní kí n mu ẹ̀kọ kó tó tutù.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹrin

Àjíǹde lánàá. Mi ò gba Ara Olúwa. Bí ìṣe mi ni.

Lónìí, mo rìn lọ sí Títírù. Ìbíyẹmí ń po òrí nínú ọpọ́n ńlá ní ẹ̀yìn ilé, apá rẹ̀ méjèèjì wọnú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ti hewú, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Kò dìde. Òrí tí a bá ń po kì í gba ìdádúró; bí ọwọ́ bá sinmi, kò ní dì. Mo wá ibi jókòó sí fúnra mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ sí etí rẹ̀ bí ó ti ń pò ó. Ọjọ́ tí Ọláìtán gba ilẹ̀, irọ́ tí mo pa, ìdí tí mo fi pa á. Ó ń pò ó lọ. Àwọ̀ inú ọpọ́n náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti pupa rẹ́súrẹ́sú sí funfun. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ọpọ́n.

Ó ní, "Olùkọ́, inú ilé mi lẹ ti ń sọ èyí. Ṣé inú ilé mi lẹ ti gba ilẹ̀ náà?"

Mo ní rárá.

"Ojú ènìyàn lẹ ti gbà á. Ìgbà tí mo ń jáde, wọ́n ń wo ikùn mi. Wọ́n ní ọkọ mi kò ní nǹkan kan, pé orí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá a ló ń jẹ lé. Dúródọlá dàgbà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún un ní kànga. Ẹ má wá fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dá a padà fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ dá orúkọ ọkọ mi padà mọ́ ọn."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n máa lọ kó tó di pé oòrùn mú jù. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, bí a ṣe ń kí àlejò.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹrin

Òrùlé koríko ti parí. Mo wọ inú àpótí ní ọ̀sán gangan, mo fọwọ́ lé ara irin láti inú: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó mi. Atẹ́gùn ń gba fèrèsé kan jáde sí èkejì. Àwọn ènìyàn ti ń kó àgbàdo gbígbẹ dé. Kàsìmáwò ní ìyàwó àgbà ti wé gèlè. Ó yẹ kí n yọ̀ ju bí mo ṣe yọ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sọ́dọ̀ Bíò. Bàbá rẹ̀ ló fún Ọláìtán nílẹ̀. Òun náà ti di arúgbó báyìí, òun ló ń bojú tó ilẹ̀ ìdílé wọn. Lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ni mo ti bá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un, ó gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "A mọ̀. Àbúrò yín kúrú, ó máa ń kólòlò díẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ga. Ẹni tó kúrú ni bàbá mi fún."

Mo béèrè ohun tó dé tí wọn kò fi sọ nǹkan kan láti ọdún wọ̀nyí.

"Ta ló bi wá? Ẹ jókòó nínú ilé yín, ẹ pín ogún yín. Bí mo bá wọlé tí mo ní irọ́ ni, ẹ óò ní Bàrùbá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà." Ó mú obì tí mo gbé wá, ó là á. "Ó dun bàbá mi. Ó ní òun fún èèyàn ní nǹkan, wọ́n sì sọ orúkọ ẹlòmíràn sí i."

Ó gbà láti wá lọ́jọ́ ìṣílé. Ó ní òun ṣì mọ ààlà ilẹ̀ náà dáadáa, àfi ẹsẹ̀ òun nìkan ló ti gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹrin

Lùkúmọ̀n wá sílé láti sọ ètò ọ̀la fún mi. Òun yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà aṣojú ìjọba, lẹ́yìn náà èmi. Kí n kàn sọ pé mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí n jókòó. Mo fẹ́ sọ fún un. Ó ń yọ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ tuntun fún. Odindi ọdún kan ló ti fi ń sáré àká yìí, ó tún fi kámíọ̀ àna rẹ̀ gbé àpótí láìgba nǹkan kan. Mi ò sọ fún un. Ẹ̀rù bà mí pé yóò ní kí n má wá.

Ọjọ́rú, 1 oṣù karùn-ún

Ó rẹ̀ mí gan-an, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ èyí.

Wọ́n ta aṣọ pupa sáàárín àpótí méjèèjì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ìyípadà, àkọlé ètò ìjọba wa, sí i lára. Èrò pọ̀: ará Títírù, ará Baníkanní, àwọn oníṣòwò láti ọjà, àwọn Bàrùbá láti abúlé tó wà nítòsí. Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn pátápátá, ó dúró ní ojú títì, kò wọnú oko. Lùkúmọ̀n sọ̀rọ̀ gígùn nípa bí a ṣe fi òógùn ara wa kọ́ ọ. Aṣojú ìjọba sọ tirẹ̀ ní èdè Faransé. Wọ́n wá pè mí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Mo ní, "Èmi Adéṣínà, mo parọ́ fún ẹbí mi àti fún ìlú. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi rí. Ọláìtán àbúrò mi ni wọ́n fún. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí n ṣú òun lópó, mo bínú, mo sì sọ pé tèmi ni. Mi ò lè fún ẹgbẹ́ ní ohun tí kì í ṣe tèmi. Ìbíyẹmí ló ni ín, àti Dúródọlá ọmọ rẹ̀."

Lùkúmọ̀n dé ẹ̀gbẹ́ mi kíá, ó di apá mi mú, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé oòrùn ti mú mi, kí n jókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo dúró. Bíò fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde, ó sọ ọ́ ní èdè Bàrùbá, ó tún un sọ ní Yorùbá: ẹni tó kúrú ni bàbá òun fún, kì í ṣe ẹni tó ga yìí. Ó jókòó padà.

Ariwo wá sọ. Àwọn kan ní lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ṣe. Ọ̀kan ní ṣé obìnrin kan ló máa wá di kọ́kọ́rọ́ àká ìlú mú. Òmíràn bi mí tààrà pé ibo lẹ́nu mi wà nígbà tí wọ́n ń da sìmẹ́ńtì. Ó tọ̀nà láti bi mí bẹ́ẹ̀. Lùkúmọ̀n kò wo ojú mi mọ́. Ó ní ilẹ̀ kì í ṣe ti opó, kì í ṣe ti ọba, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni.

Dúródọlá ló dá a lóhùn, kò gbé ohùn sókè. "Èmi náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èlùbọ́ mi bàjẹ́ sórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ni àpótí. Màmá mi ló ni ilẹ̀. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Aṣojú ìjọba béèrè pé kí wọ́n túmọ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ tán, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí ilé lọ yanjú ọ̀rọ̀ ilé, kí wọ́n sì mú èsì wá fún òun. Ó wọ mọ́tò rẹ̀. Wọn kò gé aṣọ pupa náà.

Ìgbà tí mo bojú wo ojú títì, Ìbíyẹmí ti lọ.

Fọláṣadé bá mi rìn délé. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní èjìká rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù karùn-ún

Ẹgbẹ́ ti yọ mí nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ kọjá lójúde mi láìkí mi. Ìròyìn ti dé Kútọnu. Adéwùmí ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ pé òun kò ní wá fún ìsinmi.

Lùkúmọ̀n gbé obì lọ sí Títírù lánàá. Wọ́n ní Ìbíyẹmí kò gba obì náà, kò sì dá a padà. Ó ní òun kò lè fún ènìyàn láyè lórí ibi tí òun kò tíì tẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú mi wá lọ́la, èmi àti Bíò, kí a rin ààlà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù karùn-ún

Òjò rọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì: Bíò níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, èmi lẹ́yìn rẹ̀, Ìbíyẹmí àti Dúródọlá lẹ́yìn mi. Lùkúmọ̀n àti àwọn kan láti ẹgbẹ́ dúró lójú títì, wọ́n ń wò wá. Kàsìmáwò wà nínú wọn, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ibi ọ̀gán àkọ́kọ́, Bíò dúró. Ó ní kí n sọ ọ́, òun kò ní bá mi sọ ọ́. Mo ní láti ibí ni ilẹ̀ Ọláìtán ti bẹ̀rẹ̀. Ìbíyẹmí ní kí n sọ ọ́ sókè, àwọn ará títì kò gbọ́. Mo sọ ọ́ sókè. Ní etí àbàtà, mo tún sọ ọ́. Ní ibi àpáta pẹlẹbẹ, mo tún sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí ẹnu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti pè é gbẹ̀yìn lójú gbangba. Mi ò béèrè fún ìsinmi. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn àwọn àpótí irin, Ìbíyẹmí dúró díẹ̀, ó wo bí wọ́n ti ga tó lórí ẹsẹ̀ wọn, ó wo koríko orí wọn. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó tutù nínú. Dúródọlá ní ó tutù báyìí.

Igun tó kẹ́yìn ni pèrègún tí Ọláìtán gbìn nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó ti di igbó. Bíò fi ọ̀pá kàn án, ó ní ó parí.

Mo kọjú sí Ìbíyẹmí. Mo ní, "Ìyá Dúródọlá, ilẹ̀ ọkọ yín nìyí. Irọ́ ni mo fi gbà á. Mo dá a padà fún yín, mo sì dá orúkọ rẹ̀ padà mọ́ ọn."

Kò dúpẹ́. Mi ò retí pé yóò dúpẹ́. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìta, sí ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ jáde lórí rẹ̀ ná, kí n mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ pèrègún kọjá, mo bọ́ sójú títì, mo dúró sáàárín Lùkúmọ̀n àti Kàsìmáwò bí ẹnikẹ́ni tó wá tọrọ àyè. Ìbíyẹmí wò mí títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi wà níta. Ó wá yí ẹ̀yìn padà, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì wọnú oko wọn lọ.